Ajá Tí Mo Ní Mo Ti Pa Kò Kú

Ajá tí gbogbo ilé wa gbà pé mo ti pa kò kú o. Ó wà láàyè. Lánàá òde yìí ni mo fi ọwọ́ ara mi yọ eégbọn lára rẹ̀, mo yọ́ òrí mo fi pa á níbàdí, ó sì sùn lọ, ó ń hanrun bí àgbàlagbà tó yó. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ dákun, ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ kí n rò ó tán ná. Ìmọ̀ràn ni mò ń wá. Mi ò rí ẹni tí mo lè rò ó fún ní Ọ̀fà yìí tí kò ní di ariwo kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná. Irọ́ kan ṣoṣo ni mo pa, mo rò pé ibi tí mo bá gbé e sí náà ni yóò jókòó sí... àṣé ó lẹ́sẹ̀.

Ẹ má kọ orúkọ mi síbẹ̀. Ajá náà, ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Tanímọ̀la, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an, bí mo bá pe orúkọ rẹ̀ gan-an gbogbo Ọ̀fà á mọ ilé wa. Bí o bá sì jẹ́ ọmọ Ọ̀fà, tí o ń kà á lọ tí o ti mọ̀ mí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, pa ẹnu rẹ dé. Káfíńtà ni mí. Mi ò dé ilé ìwé kankan. Ara àpótí ẹrù tó ń bọ́ sílẹ̀ ní sitéṣọ̀n reluwé ni mo ti kọ́ A B D, èmi ni mo máa ń tún àwọn tó bá fọ́ kàn, mo sì máa ń bi akọ̀wé ibẹ̀ pé kí lèyí, kí ni tọ̀hún, títí mo fi lè dá a kà. Òun náà ló ń fún mi ní ìwé ìròyìn yìí tó bá ti kà á tán. Bí ó ṣe ń bọ́ lẹ́nu mi ni mo ṣe ń kọ ọ́, ẹ fara dà á.

Ọdẹ ni bàbá mi. Ìgbà tí wọ́n ń na irin reluwé bọ̀ wá sí Ọ̀fà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fún un ní Tanímọ̀la, ọmọ ajá tó lè wọ inú igbá nígbà náà. Èmi náà kéré, èmi àti ẹ̀ jọ dàgbà ni, a jọ ń du egungun lábẹ́ ìjókòó bàbá mi. Nígbà tí àìsàn lùkúlùkú wá dé tó ń pa èèyàn bí ẹni ń gbálẹ̀, ó mú bàbá mi lọ, ó mú àbúrò mi obìnrin lọ, ilé wa dá páropáro. Tanímọ̀la kò tilẹ̀ sín. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, nítorí àwọn ará ilé wa fi sọ́kàn, èmi ni mi ò mọ̀ pé wọ́n fi sọ́kàn.

Lẹ́yìn ikú bàbá mi ni mo di ajá yẹn mú bí ẹni di ẹ̀wù bàbá rẹ̀ mú. Mi ò fẹ́ kó kú. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wá ń wò ó pé kí ló dé tí ajá Ọ̀fà kì í dàgbà? Wọ́n á ní ajá ni, ajá kì í pẹ́ láyé. Irọ́! Ta ló jókòó wò ó? Èmi jókòó, mo wò ó. Ajá ilé kejì sí wa jẹ egungun adìẹ, ó gún un nínú, ó kú. Èkejì lọ mu omi aró nínú ìkòkò àwọn tó ń rẹ aṣọ, ó kú. Òmíràn, eégbọn ló mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí inú ètè rẹ̀ fi funfun. Òmíràn, ọdẹ tó ni ín fi ata pa á nímú pé kó lè gbóòórùn ẹran dáadáa, kò jẹun mọ́ títí ó fi lọ. Òmíràn tún wà tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ jù, iyán lónìí, iyán lọ́la, ó sanra bí àgbò iléyá, bó bá rìn díẹ̀ á máa mí hẹlẹhẹlẹ, òun náà kú. Èyí tí wọ́n kórìíra kú, èyí tí wọ́n fẹ́ràn kú, wọ́n á tún ní bí ajá ṣe ń ṣe nìyẹn.

Kí wá ni èmi ṣe? Kò sí nǹkan ìkọ̀kọ̀ níbẹ̀ o. Omi kànga tuntun láràárọ̀ nínú ìkòkò tirẹ̀, kó má baà lọ máa fẹnu sí ti aláró. Egungun adìẹ kò kan ẹnu rẹ̀ rí. Oúnjẹ níwọ̀n, bí mo bá fọwọ́ pa á níhà tí mi ò rí egungun ìhà rẹ̀ mọ́, mo ti mọ̀ pé ó ti ń sanra jù, mo dín in kù, kó gbó, kó wò mí bí ọmọ òrukàn, mi ò dá a lóhùn. Ojoojúmọ́ ni mò ń tú irun rẹ̀ wá eégbọn, nínú etí, láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń sá sí. Àdín ni mo fi ń pa á lára. Bí oòrùn kò bá tíì mú, a ó rìn dé ojú irin, a ó padà, bó bá di ọ̀sán kó sùn. Nígbà tó wá ń darúgbó mo kan ibùsùn pákó kékeré fún un, mo tẹ́ àpò lé e, kí òtútù ilẹ̀ má baà wọ̀ ọ́ léegun. Eyín rẹ̀ ń kó ìdọ̀tí, mo bá jẹ orí orín títí ó fi di fọ́nrán, mo fi ń fọ eyín fún un. Èyí tí wọ́n rí tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rín kú nìyẹn. Wọ́n ní ẹ wá wò ó o, ajá ń run orín, ó ku kó ṣe àlùwàlá! Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rín lè kan.

Ìyá Ràbí ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ẹ̀gbọ́n bàbá mi yẹn ni à ń pè ní Bàbá Àgbà, òun ni olórí ilé wa báyìí. Ọkọ mi ni Ìyá Ràbí máa ń pè mí bí àwọn ìyàwó ilé ṣe ń pe ọmọ ilé, ó sì fẹ́ràn mi, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní ọkọ mi, oògùn wo lò ń lò fún ajá rẹ yìí, fún èmi náà níbẹ̀, eékún ń dùn mí. Mo ní Ìyá, kò sí oògùn, omi ni, eégbọn yíyọ ni, rírìn ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ sọ fún àwọn yòókù pé mò ń fi pamọ́. Nígbà tó yá kò sẹ́ni tó bá kọjá tí kò ní bèèrè. Oògùn wo? Oògùn wo? Àwọn àgbà á fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á ní fún wa, a ò ní sọ fún ẹnìkan. Mo ń sọ òtítọ́, wọ́n ń wò mí bí ẹni tó jẹun tó nu ẹnu. Ẹ̀yin ẹ wo èyí ná, ṣé òtítọ́ lè dùn ún sọ lójoojúmọ́ fún ẹni tí kò fẹ́ ẹ?

Mo gbóná o, mo mọ̀. Inú mi kì í pẹ́ ru sókè. Ọjọ́ yẹn àpótí tí mo kàn ti já mọ́ mi lọ́wọ́ ní sitéṣọ̀n, wọ́n ti bú mi, mo délé, oòrùn ń pa mí. Ìyá Ràbí ń gbálẹ̀ lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn obìnrin ilé jókòó, Tanímọ̀la na ara rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ igi níwájú wọn. Ó ní, “Ẹ wò ó, ajá yìí ló máa sin gbogbo wa.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnu mi ló kọ́kọ́ dáhùn kí èmi tó dáhùn. Mo ní, “Yóò sin yín ni! Ẹ̀mí yín náà ni mò ń bù fún un, ẹ ò tíì rí nǹkan kan!”

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Ràbí. Mo gbójú sókè, ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, oyún àkọ́kọ́ wa wà nínú rẹ̀, ó ti hàn. Ó wò mí, ó wo ajá. Mo ní eré ni, ẹ jọ̀ọ́, eré ni, ẹ ti ń dà mí láàmú ni. Wọ́n ní a ti gbọ́.

Oyún yẹn wálẹ̀ kí oṣù tó kú. Ọmọ tó tẹ̀ lé e, a bí i, a sọ ọ́ lórúkọ, ó rẹ́rìn-ín sí wa, ó kú kó tó mọ bí a ṣe ń jókòó. Ẹnìkan kò sọ nǹkan kan sí mi lójú o. Ìyẹn ló burú. Ká ní wọ́n sọ ọ́ lójú mi, ǹ bá jà, ìjà ni mo mọ̀. Wọ́n kàn ń sún ọmọ wọn kúrò níbi tí ajá bá wà. Wọ́n ti ń ṣírò ẹ̀ lọ́kàn wọn, pé lùkúlùkú dé, bàbá kú, àbúrò kú, ajá kò sín. Oyún wálẹ̀, ajá ń jẹun. Ọmọ kú, ajá ń jáde rìn láàárọ̀. Ta wá ló ń jẹ ọdún àwọn tó ń lọ? Ẹnu ta ni wọ́n sì ti gbọ́ ọ? Ẹnu èmi fúnra mi!

Nígbà tí oyún kẹta dúró, Bàbá Àgbà pè mí. Ó ní òun kì í ṣe òpònú, òun ń kírun, òun mọ̀ pé Ọlọ́run ló ń pa tó ń là, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí o sọ lójú ayé, o gbọ́dọ̀ wẹ̀ ẹ́ nù lójú ayé. Mú ajá yẹn kúrò láyé kí ìyàwó rẹ tó bí, àbí kí o mú un kúrò nílé mi pẹ̀lú ara rẹ. Mo kígbe, mo ta àpótí ìjókòó nípàá, mo ní kò sí ẹni tó máa pa ajá bàbá mi. Ó wò mí, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ.

Ìyàwó mi ni mi ò lè kígbe mọ́. Ó fẹ́ràn ajá yẹn o! Òun ló máa ń tẹ iṣu fún un nígbà tí eyín rẹ̀ ti jẹ. Ó kúnlẹ̀ nínú yàrá, kò sunkún. Ó ní òun mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìbínú lásán ni, òun kò gbà pé ajá ń jẹ ẹ̀mí ẹnìkan, àmọ́ kí n ronú ẹ̀ wò... bí ọmọ yìí bá tún lọ tí ajá ṣì wà nílẹ̀, ta ni wọ́n máa wá na ìka sí? Ó ní òun ló kàn. Òun tó ń tẹ iṣu fún ajá ni wọ́n máa sọ pé ó ń bá a jẹ ọmọ ara rẹ̀. Àbí n kò mọ ohun tí wọ́n ń fi irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ṣe? Mo mọ̀. Mo ní ó dára, mo máa pa á.

Mo fẹ́ pa á lóòótọ́, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo mú okùn, mo mú ọkọ́, mo dájí. Nígbà tí mo dé oko wa lọ́nà Ẹ̀rìn-Ilé, ó jókòó, ó ń wá ẹni tí yóò yọ ẹ̀gún fún un lẹ́sẹ̀, ó na ẹsẹ̀ sí mi bó ṣe máa ń nà án. Mo yọ ẹ̀gún. Ó tán, mi ò lè ṣe é mọ́. Bàbá ọdẹ kan wà lápá Ẹ̀rìn, ọ̀rẹ́ bàbá mi ayé àtijọ́, òun náà ló fún bàbá mi ní ajá yìí nígbà tó kéré. Ó dá gbé nínú ahéré rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ bí àwa àti Ẹ̀rìn ṣe ń fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ará ilé wa kan kì í ya ibẹ̀. Mo fà á lé e lọ́wọ́. Mo padà sí oko wa, mo gbẹ́ ilẹ̀, mo ru ú jọ bí òkìtì ibojì, mo gbé òkúta lé e, mo gbé ọkọ́ tó kún fún amọ̀ wọlé. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Ìyàwó mi wọ yàrá, ó sunkún ju bó ṣe sun tàwọn ọmọ lọ. Ìyá Ràbí gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún mi, ó ní ọkọ mi, o ṣe ọkùnrin. Mo jẹ ẹ̀kọ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, irú èèyàn wo ni mí? Mo jẹ ẹ́ tán!

Ìyàwó mi bí ọkùnrin. Ó ki pọ́pọ́, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. Ó jókòó, ó rá, ó ti ń di ògiri mú dìde báyìí. Inú mi dùn, ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn? Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ẹ ò rí i? Ajá lọ, ọmọ dúró. Mo rò pé inú ilé wa ló máa parí sí. Kò pẹ́, ọmọ alágbẹ̀dẹ àdúgbò wa ń gbóná, wọ́n pa abo ajá wọn tó ti dàgbà, ọmọ náà rọ̀. Ó di òwe. Ọmọ ahunṣọ kan náà ń gbóná, wọ́n pa tiwọn, ọmọ náà kú. Ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ? Wọ́n ní wọ́n pẹ́ jù kí wọ́n tó pa á! Bí ó bá ṣiṣẹ́, ajá ni, bí kò bá ṣiṣẹ́, ajá náà ni. Àwọn ajá tó dàgbà ní àdúgbò wa kò tó nǹkan tẹ́lẹ̀, ẹ wá wò ó báyìí. Àwọn kan nínú wọn, èmi ni mo sọ fún àwọn tó ni wọ́n pé kí wọ́n má fún wọn ní egungun adìẹ o. Èmi ni mo kọ́ alágbẹ̀dẹ bí wọ́n ṣe ń yọ eégbọn. Lọ́jọ́ kan ọkùnrin kan wá bá mi níbi iṣẹ́, ó bọ́ fìlà, ó ní àwọn fẹ́ pa tiwọn, kí n sọ fún àwọn ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí tèmi létí kí n tó pa á. Mo gbé òòlù, mo lé e jáde. Ó lọ sọ fáyé pé oró ikú ajá ṣì wà lára mi.

Èyí tó wá burú jù nìyí. Mo máa ń lọ sí Ẹ̀rìn nígbà gbogbo, ẹ lè rò ó, ajá tó ti dàgbà tó báyẹn, ojú rẹ̀ ti funfun, ìbàdí rẹ̀ ti gan, kò gbà kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan òun létí. Bàbá yẹn ń gbìyànjú, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo máa ń yọ́ òrí pa á níbàdí, mo máa ń fọ ojú rẹ̀. Ìyàwó mi wá ń gbóòórùn òrí lára mi. Ó bi mí, mo ní ibi iṣẹ́ ni. Ó ní ta ló ń fi òrí para níbi iṣẹ́ káfíńtà? Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Kò fi mí sílẹ̀. Ẹnìkan rí mi lọ́nà Ẹ̀rìn, ó sọ fún un. Ìyàwó mi ní obìnrin ló wà níbẹ̀. Ó ń tẹnu mọ́ ọn, ó ń tẹnu mọ́ ọn, ó ní kí n jẹ́wọ́, inú bí mi, mo ní bẹ́ẹ̀ ni! Mo ní obìnrin níbẹ̀, kí lo fẹ́ ṣe? Ó bèèrè pé ṣé ọmọdé ni. Mo ní rárá, àgbàlagbà ni, kò ríran dáadáa mọ́, èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀. Ó ní, “Bàbá ọmọ mi, arúgbó lo wá lọ fi èmi sílẹ̀ fún?” Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún fẹ́ pa mí, mo jáde nílé.

Ó ti ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀. Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ń bọ̀ wá jókòó pẹ̀lú Bàbá Àgbà, kí n wá sọ ẹni tí obìnrin Ẹ̀rìn jẹ́. Bí mi ò bá sọ, wọ́n á mú ọmọ wọn lọ, á sì pọn ọmọ mi lọ. Bí mo bá ní ajá ni... ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ ná, bí mo bá ní ajá ni!

Mo ti rò ó pé kí n kàn sọ ọ́. Kí n mú Tanímọ̀la wọlé lọ́sàn-án gangan, kí n ní ẹ wò ó, kò kú, ó wà láàyè látìgbà tí ọmọ yìí ti wà nínú oyún títí dòní, ó ń jẹun, ọmọ náà ń jẹun, ta ló jẹ ọdún ta? Ó dára, àbí kò dára? Mo ti múra láti ṣe é. Ìgbà yẹn gan-an ni ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́.

Ikọ́ ni, gbogbo ọmọ àdúgbò ló ń hú u, ọyẹ́ ló mú eruku dé. Mo mọ̀. Mo mọ̀ ọ́n lórí. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ni ó ń húkọ́, mo gbé e sáyà, mo ń gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń dún... ẹ̀rù gbogbo ilé tí mo ń fi rẹ́rìn-ín wọ inú èmi náà. Èmi tí mo mọ ohun tó ń pa ajá, mi ò mọ ohun tó ń pa ọmọ! Kí ló pa àwọn méjì àkọ́kọ́? Mi ò mọ̀. Ta ló mọ̀? Bó bá ṣe pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi dúró lóòótọ́ ńkọ́? Bó bá ṣe pé ibi tí ọmọ yìí dé yìí ni agbára irọ́ mi mọ ńkọ́? Mo mú okùn. Okùn kan náà. Mo lọ sí Ẹ̀rìn, mo ní lónìí mo máa sọ irọ́ di òtítọ́, kí ọmọ mi yè.

Tanímọ̀la kò rí mi, òórùn mi ló gbọ́. Ó gbìyànjú dìde, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀, ó dìde. Ó fi imú kan okùn. Ẹ gbọ́ o, ó yí padà, ó kọjú sọ́nà Ọ̀fà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ níwájú mi, ó ń mi ìrù. Ó rò pé mo wá mú òun relé ni. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí obìnrin tí wọ́n já ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá ọdẹ dúró lẹ́nu ahéré, ó ní ìwọ ọmọ yìí, bí o bá fẹ́ pa á, pa á, bí o kò bá fẹ́ pa á, gbé omi fún un, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Mo gbé omi fún un.

Ibi tí mo dé nìyí. Ọmọ ṣì ń húkọ́. Bí mo bá mú ajá wọlé lónìí, wọ́n á ní ẹ ò rí i, ajá kò kú, ìdí tí ọmọ fi ń húkọ́ nìyẹn, wọ́n á pa á lójú mi, bí ohunkóhun bá sì ṣe ọmọ náà, ìyàwó mi kò ní dárí jì mí títí ayé, èmi náà kò ní dárí ji ara mi. Bí mo bá dúró kí ọmọ gbádùn ná, àwọn àna mi ti dé, ilé mi ti tú. Bí mo bá gbà pé obìnrin ni, a lè bẹ̀bẹ̀, a lè dọ̀bálẹ̀, ọkùnrin tó ní obìnrin níta kì í ṣe ohun tuntun ní Ọ̀fà, wọ́n á bú mi, wọ́n á dárí jì mí. Ẹ wo ayé, irọ́ obìnrin ni wọ́n lè dárí rẹ̀ jì mí, òtítọ́ ajá ni wọn ò lè gbọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi á máa gbé ìyẹn kiri nínú ọkàn rẹ̀, obìnrin tó kúnlẹ̀ fún mi tí kò sunkún. Ó tọ́ sí i bí?

Kí ni kí n ṣe? Kí n sọ fún ìyàwó mi nìkan, ní kọ̀rọ̀, kí n mú un lọ sí Ẹ̀rìn kó fojú ara rẹ̀ rí arúgbó mi? Bí ó bá pariwo ńkọ́? Kí n kọ́kọ́ sọ fún Bàbá Àgbà? Kí n jókòó kí ikọ́ lọ? Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti sin ọmọ rí, ẹ̀yin ni mo fẹ́ gbọ́ ohùn yín jù, bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ọkọ yín ṣe báyìí sí, kí lẹ fẹ́ kó kọ́kọ́ sọ? Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ máa sọ pé kí n pa ajá kí n sinmi, mo ti gbọ́ tiyín, ẹ má wulẹ̀ kọ ọ́ wá.

Ẹ má pẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pẹ́. Mò ń fún un ní omi, mò ń tẹ iṣu fún un, mò ń yọ eégbọn, gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mò ń ṣe kó lè pẹ́ díẹ̀ sí i, àmọ́ ajá ni, ó ti darúgbó, ìgbà mìíràn mo máa ń gbé ọwọ́ lé e láyà wò ó bóyá ó ṣì ń mí. Òun nìkan ni ẹlẹ́rìí tí mo ní. Bí ó bá fi lè kú fúnra rẹ̀ kí n tó la ẹnu, kò sí ohun tí mo tún lè fi han ẹnikẹ́ni mọ́, irọ́ tí mo pa á di òtítọ́ Ọ̀fà, wọ́n á sì máa fi pa ajá lọ, ọmọ á máa gbóná, wọ́n á máa pa ajá, orúkọ mi ni wọ́n á máa pè sí i.